Ẹ Tò Ká Yà Yín: Ìdìbò Abẹ́lé Yìí Ti Sú Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde kí inú mi lè rọ̀ díẹ̀. Nínú gbogbo irọ́ tí àwọn olóṣèlú wa ń pa, kò sí èyí tó ń bí mi nínú tó irọ́ ìdìbò abẹ́lé. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń pa á, ojú wa ni wọ́n sì ń wò pa á. Wọ́n á ní ká jáde wá yan ẹni tí yóò gbé àpótí lórúkọ ẹgbẹ́. A ó jáde, oòrùn á yan wá gbẹ, tó bá di alẹ́, rédíò á wá máa sọ fún wa pé a ti yan ẹni tí ẹnikẹ́ni ò bi wá léèrè nípa rẹ̀.

Mo ní káàdì ẹgbẹ́ o. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, torí bí mo bá dárúkọ ọ̀kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì á máa yọ̀ bí ẹni pé tiwọn mọ́ tónítóní. Mo ń san owó ẹgbẹ́, mo ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù, mo ti dá owó aṣọ ẹbí tí mi ò tíì rán títí dòní. Ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé tó kọjá, àárín òru ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó pè wá wọlé sórí fóònù. Aago mẹ́wàá àárọ̀, ọjọ́ iṣẹ́, ní ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Ẹni tó ń ná ọjà ọjọ́ yẹn ńkọ́? A dé ilé ìwé, wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí iwájú ilé olórí ẹgbẹ́. A débẹ̀, kò sí àpótí, kò sí ìwé ìdìbò. Mo béèrè ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́. Alága wọ́ọ̀dù ní ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Akọ̀wé ní ó wà nílé alága. Àwọn méjèèjì dúró ti ara wọn níbẹ̀ o, ojú ò tì wọ́n.

A wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, à ń dúró de ìgbìmọ̀ tí Àbújá rán. Bí ẹ bá bi mí, abẹ́ igi yẹn gan-an ni ìdìbò abẹ́lé ti ṣẹlẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ò ní tẹ̀lé ẹni tí kò bá sọ ìgbà tí wọn yóò san owó ìfẹ̀yìntì òun, pé àwọn tí àwọn jọ fẹ̀yìn tì ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin wẹ́dà kan ní ó dáa, àwọn tó ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́ ńkọ́, bàbá? Wọ́n ti gbé àdúgbò òun sí Band A, ìpele iná tí owó rẹ̀ wọ́n jù, owó iná ń kó gbogbo èrè tí òun ń rí lórí géètì. Kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀, kò sí iná rárá, òun ò mọ èyí tó sàn. Ìyá aláta kan já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu: "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ṣáà ń pariwo iná. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa, aago mẹ́rin ni nọ́ọ̀sì ń ti ilẹ̀kùn. Ṣé aago mẹ́rin lobìnrin ń rọbí ni?" Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Bàbá tíṣà ní ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó bi. Wẹ́dà ní ta ló fún ìjọba ìbílẹ̀ lówó. Bàbá ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá a lẹ́jọ́ ní oṣù Keje 2024 pé kí owó wọn máa dé ọwọ́ wọn tààrà. "Ó ti wá dé ọwọ́ wọn bí, bàbá?" Wọ́n fà á, ohùn ròkè, ẹnì kan ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jà. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n, ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo wọn ń sọ. Ká ní àwọn tó ń dupò wà níbẹ̀ ni, tí wọn ò sì lè kúrò títí wọn yóò fi fèsì fún ìyá aláta yẹn!

Kò sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe lábẹ́ máńgòrò? Àwọn lídà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ní òtẹ́ẹ̀lì, lóru, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kọ́ sì ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tó yá ni mọ́tò àwọn ará Àbújá dé. Ọmọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, ó ń pàtẹ́wọ́: "Ẹ tò! Ẹ tò ká yà yín!" Wọ́n ri igi kan mọ́lẹ̀, wọ́n lẹ pósítà mọ́ ọn. Ẹni mẹ́ta ló gba fọ́ọ̀mù, pósítà ẹnì kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Mo ní, ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíì, níbo ni kó tò sí? "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà tò ná, kí iṣẹ́ yá." A tò. Ó ya iwájú, ó ya ẹ̀gbẹ́. Ó ní ìlà náà kúrú, kí àwọn tí òun ti yà níwájú sáré lọ sẹ́yìn kó lè gùn. Àwọn àgbàlagbà ń sáré kiri nínú oòrùn! Wọ́n ní kí ìyá kan ṣí gèlè rẹ̀ kó má baà jọ ẹni tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀, ìyá náà sì ṣí i. Lẹ́yìn náà wọ́n pín ráìsì. Ẹnì kan gba máíìkì, ó ní ṣé a fara mọ́ ọn, àwọn ọmọ tó bá wọn wá nínú mọ́tò pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Ẹnikẹ́ni ò ka èèyàn. Ẹnikẹ́ni ò wo káàdì. Iye ìbò tí wọ́n kéde fún wọ́ọ̀dù wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ka gbogbo ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé olórí ẹgbẹ́ mọ́ wa, a ò lè pé ìdajì rẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé wọ́ọ̀dù tó fara sin nìkan ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Èkó, níbi tí kámẹ́rà pọ̀ sí. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹwàá 2018, APC ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jáde wá yan ẹni tí yóò dupò gómìnà. Ambode tó jẹ́ gómìnà nígbà náà gba 72,901. Sanwo-Olu tó ń bá a du tíkẹ́ẹ̀tì gba 970,851. Clement Ebri, alága ìgbìmọ̀ tí Àbújá rán wá, kọ́kọ́ sọ fáwọn oníròyìn pé ìdìbò kankan ò tíì wáyé. Kò pẹ́ kò jìnnà, òun náà ló kéde ẹni tó wọlé. Ó dáa, a ti gbọ́. Oṣù Kẹta 2019 dé, ìdìbò gbogbogbò. Gbogbo Èkó ló láǹfààní àtidìbò lọ́tẹ̀ yìí, àti ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹni tí kò rí ẹgbẹ́ kankan rí. Mélòó ni Sanwo-Olu rí? 739,445. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Àwọn tó lé ní 230,000 tó tò fún un ní oṣù Kẹwàá, ibo ni wọ́n wọlẹ̀ sí ní oṣù Kẹta? Ṣé wọ́n kó kúrò l'Ékòó ni? Mi ò sọ pé Ambode ni ìbá wọlé o, ó dájú pé ẹgbẹ́ ti kẹ̀yìn sí i. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó mọ̀ pé òun máa borí náà ò lè ní sùúrù ka èèyàn bó ṣe wà.

Ẹgbẹ́ yẹn kan náà sọ pé lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ tí àwọn ṣe ní 2021, ọmọ ẹgbẹ́ àwọn lé ní 40 mílíọ̀nù. Ní oṣù Kejì 2023, ìbò tí olùdíje wọn fi wọlé ààrẹ ò pé 9 mílíọ̀nù. Ẹ̀yin PDP tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ẹ gbẹ́nu dákẹ́, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Nígbà tí wọn ò bá ní ká tò, dẹ́lígéètì ni wọ́n lò, ìyẹn àwọn aṣojú díẹ̀ tó ń bá wa yan olùdíje. Ní 2022, ìbò 371 ni Atiku fi gba tíkẹ́ẹ̀tì PDP láti dupò ààrẹ l'Ábùjá. Ìbò 1,271 ni Tinubu fi gba ti APC. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 1,642 ni. Gbọ̀ngàn àríyá kan l'Ékòó á gba gbogbo wọn, àyè á tún ṣẹ́ kù fún àwọn onílù. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò nílẹ̀ yìí fún ìdìbò 2023 sì lé ní 93 mílíọ̀nù. Àwa 93 mílíọ̀nù la ń tò fún PVC, tí wọ́n ń kéde sí létí lójoojúmọ́ pé ìbò wa lágbára. Fọ́ọ̀mù tiẹ̀ ńkọ́? 100 mílíọ̀nù náírà ni APC ta ti ààrẹ lọ́dún yẹn, PDP ta tiẹ̀ ní 40 mílíọ̀nù. Owó oṣù tó kéré jù nígbà náà, 30,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó bá ń gba iye yẹn, tí kò jẹ, tí kò mu, á fi ọdún tó lé ní 277 tu owó fọ́ọ̀mù APC jọ. Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí wẹ́dà yẹn ò jáde dupò fúnra rẹ̀.

Àwọn aṣòfin gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́dọ̀ gbà fún wọn. Àbádòfin tí wọ́n ṣe ní 2021 sọ ọ́ di dandan kí ọmọ ẹgbẹ́ máa dìbò fúnra wọn. Àwọn gómìnà fàáké kọ́rí. Buhari tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà ò buwọ́ lù ú, ó ní owó tó máa ná wa pọ̀, ọ̀rọ̀ ààbò sì wà níbẹ̀. Nígbà tó wá buwọ́ lu òfin ní oṣù Kejì 2022, àwọn ẹgbẹ́ ti láǹfààní láti mú èyí tó bá wù wọ́n: tààrà, dẹ́lígéètì tàbí ìfẹnukò, ìyẹn kí àwọn olùdíje tó kù gbà láti fi í sílẹ̀ fún ẹnì kan. Wọ́n tún kọ abala 84 níkọkúkọ débi pé àwọn aṣòfin, àwọn gómìnà àti ààrẹ fúnra rẹ̀ ò lè dìbò ní ìdìbò abẹ́lé nítorí ipò wọn. Wọ́n fọwọ́ ara wọn ti ara wọn síta! Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Òfin yẹn kan náà ní tó bá jẹ́ ìfẹnukò, gbogbo olùdíje tó kù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn fara mọ́ ọn. Ẹ lọ bi àwọn tí wọ́n pè sí pálọ̀ bàbá ìsàlẹ̀ lọ́gànjọ́ bí wọ́n ṣe kọ tiwọn.

Àwọn kan á ní kí n fara balẹ̀, pé ìdìbò gbogbogbò ń bọ̀, níbẹ̀ ni kí n ti fi ìbínú mi hàn. Bí ẹlòmíì bá ti se oúnjẹ tán, tó wá ń bi mí bóyá ìgbóná ni n ó jẹ ẹ́ tàbí tútù, ṣé mo yan oúnjẹ nìyẹn? Ẹ bi àwọn ará Zamfara. Wọ́n jáde ní 2019, wọ́n dìbò fún APC. Lọ́jọ́ 24 oṣù Karùn-ún, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ẹgbẹ́ náà ò ṣe ìdìbò abẹ́lé tó bófin mu, gbogbo ìbò yẹn ti ṣòfò, PDP ni kó gba ipò gómìnà. Ọdún méjì ni gómìnà náà lò, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sínú APC. Ẹ bi àwọn ará Yobe pẹ̀lú. Bashir Machina nìkan ló dupò níbi ìdìbò abẹ́lé APC fún sẹ́nétọ̀, ó gba ìbò 289. Ahmad Lawan, ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà, ò dé ibẹ̀, ipò ààrẹ ló ń dù. Ní oṣù Kejì 2023, adájọ́ mẹ́ta sí méjì, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbé tíkẹ́ẹ̀tì fún Lawan, wọ́n ní ọ̀nà tí Machina gbà gbé ẹjọ́ wá ò tọ́.

Àbúrò mi tó wà ní Houston máa ń sọ tiwọn fún mi lórí fóònù. Ní Texas, ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ó dé ibùdó ni yóò tó sọ ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ tí òun fẹ́ bá wọn dì, wọ́n sì ń ṣí ibùdó sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣáájú kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè ráyè. Tiwọn náà kò pé o. Ní oṣù Kẹta 2022, ìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n dà nù lé ní 24,000, torí òfin tuntun nípa nọ́ńbà ìdánimọ̀. Wọ́n bú, wọ́n pariwo. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye tí wọ́n dà nù! Tiwa, ta ló fẹ́ mọ iye tó ṣòfò nígbà tí kò sẹ́ni tó ka ohunkóhun?

Ohun tí mò ń béèrè ò sì le. Òfin 2022 yẹn ti sọ ọ́ nígbà náà pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ lórí pépà àti lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fún INEC ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ kí ìdìbò abẹ́lé tó wáyé. Kí wọ́n lẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìwé ní wọ́ọ̀dù wa. Kí n rí orúkọ mi, kí n rí ti bàbá tíṣà. Kí wọ́n fi ọjọ́ Sátidé sí i. Kí àwọn tó ń dupò wá jókòó sábẹ́ máńgòrò fún wákàtí méjì péré, kí ìyá aláta bi wọ́n nípa nọ́ọ̀sì. Pósítà gbogbo olùdíje, kì í ṣe ti ẹnì kan. Kí wọ́n wá kà wá sókè, ketekete, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kí wọ́n kọ iye náà síbẹ̀ lójú wa.

Bí ìyẹn bá ti pọ̀ jù fún wọn, kí wọ́n yọ mí kúrò nínú ogójì mílíọ̀nù tàbí iye yòówù tí wọ́n bá ń kà l'Ábùjá, kí wọ́n sì pa fọ́tò tí mo wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ráìsì wọn náà ò jinná.