Ta Ló Lé Ẹ Dé Kansas?

Ohun tí ìyá ẹ máa kọ́kọ́ bi ẹ́ lórí fóònù nìyẹn. Kò ní bèèrè bóyá o ti jẹun. Wàá ṣàlàyé pé kẹ̀kẹ́ ológeere lo fẹ́ gùn la ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas, ní Amẹ́ríkà, kọjá, láti Tribune dé Ness City, máìlì 100 ó lé díẹ̀, lójúmọ́ kan ṣoṣo, owó ara ẹ lo sì ń ná. Ìyá á dákẹ́. Lẹ́yìn náà á ní, "Ṣé wọ́n ti gba mọ́tò lọ́wọ́ ẹ ni?" Nílé, ẹni tí kò tíì rówó ra mọ́tò ló ń gun kẹ̀kẹ́. Ìwọ gòkè òkun, o kàwé, o ríṣẹ́, o wá ra kẹ̀kẹ́ tó wọ́n ju mọ́tò àlòkù lọ. Kò sí àlàyé tó lè wọ̀ ọ́ létí. Bèèrè àwọn ará ilé, kí o yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọ̀nà K-96 ni. Ó wà lára ọ̀nà TransAmerica tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbà láti etí òkun kan dé ìkejì, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1976 nígbà tí Amẹ́ríkà pé ọmọ 200 ọdún. Òkè kankan ò sí níbẹ̀ tó yẹ ká máa pè lókè. Tribune gan-an ga ju Ness City lọ ní ẹsẹ̀ bàtà tó lé ní 1,000, ìyẹn ni pé ìsàlẹ̀ lo ń lọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lórí ìwé ni o. Lójú títì, atẹ́gùn lọ̀gá.

Àwọn ẹ̀yà Kansa ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ náà lórúkọ, wọ́n sì máa ń túmọ̀ orúkọ wọn sí "èèyàn atẹ́gùn gúúsù". Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn yẹn wo ilé dáadáa, ìwọ ni o ò bèèrè kí o tó kẹ́rù. Lóṣù kẹfà sí ìkẹjọ, gúúsù náà ló ti máa ń fẹ́. Ìlà-oòrùn lò ń lọ, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni á ti máa gbá ẹ, á máa tì ẹ́ sáàárín títì. Wàá fi ara tẹ̀ sí ọ̀tún bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó ará ilé kejì. Tó bá wá yí síwájú ẹ, tó ń sáré máìlì 20 ní wákàtí kan, máìlì 7 tàbí 8 ni ìwọ á máa rìn, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ẹ. Má bá a jà. Yí gíà sí èyí tó fúyẹ́, jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa yí bíi ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan, kí o sì tẹ̀ kọ́ọ́rọ́. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ: má gbé aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ wọ̀. Bùbá ẹ á di ìgbòkun, ibi tí kò wù ẹ́ ló sì máa gbé ẹ lọ.

Oògùn kan ṣoṣo tó wà ni kí o tètè jí. Atẹ́gùn náà máa ń sùn lóru, bí oòrùn bá sì ti mú ilẹ̀ gbóná, ní bíi aago mẹ́wàá, á dìde. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni kí o ti wà lórí kẹ̀kẹ́, kí iná wà níwájú àti lẹ́yìn, kí ojú sì wà lára koríko nítorí àgbọ̀nrín. Ohun kan á tún dà ẹ́ láàmú: aago apá ìwọ̀-oòrùn ni Tribune ń lò, ṣùgbọ́n tí o bá fi máa dé Leoti, ìlú tó tẹ̀ lé e, bíi máìlì 23, wákàtí kan ti pòórá. Ẹni tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ni wọ́n ń fún ní wákàtí ọ̀fẹ́, ọwọ́ ẹ ni wọ́n ti gbà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọmọ Yorùbá á pẹ́ dé ibì kan tí kò ní jẹ́ ẹ̀bi ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdí. Ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù, a kì í wọ pátá sábẹ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn ò tọ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ojú rírán pátá yẹn ló máa bó ẹ lára, tí o bá wá dé Scott City, ìlú tó wà ní bí ìdajì ọ̀nà, ìdúró ni wàá ti jẹun. Òrí lo máa fi pa ibẹ̀, òrí tí ìyá ẹ fi ránṣẹ́ nítorí ẹsẹ̀ sísán. Ó dára ju ìpara olówó ńlá wọn lọ, ṣùgbọ́n nínú oòrùn yẹn á yọ́ di òróró, nítorí náà agolo tó ní ìdérí àyípo ni kí o rọ ọ́ sí, láàárín aṣọ. Lálẹ́, fọ ṣòkòtò náà. Ọ̀kan lára, ọ̀kan lórí okùn, ó tó.

Ojú lè yà ẹ́ nítorí àká. Gbogbo ìlú ibẹ̀ ló ní àká ọkà tí wọ́n fi kọnkéré mọ, funfun, gíga gogoro. Wàá rí i láti máìlì 8 tàbí 10. Inú ẹ á dùn, wàá ní "a ti dé." Kò sí ibi tí ẹ dé. Ìṣẹ́jú ogójì kọjá, àká ṣì wà níbi tó wà, kò tóbi sí i, kò kéré. Ó ń wò ẹ́ bí ẹni tí o jẹ lówó. Má fi àká ṣe ìdíwọ̀n omi mímu láéláé. Òǹkà máìlì lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni kí o gbà gbọ́.

Àwọn awakọ̀ ńkọ́? Tírélà màlúù ló pọ̀ jù, torí ọgbà tí wọ́n ti ń bọ́ màlúù sanra pọ̀ yí Scott City ká. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, atẹ́gùn iwájú ẹ̀ á kọ́kọ́ tì ẹ́ sí koríko, ìdí ẹ̀ á wá fà ẹ́ padà sójú títì. Di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, má fún un lọ́rùn. Pa ẹnu dé pẹ̀lú: ohun tó ń ta sí ẹ lójú yẹn kì í ṣe òjò. Ra díńgí kékeré sí ọwọ́ òsì. Tí o bá rí ọ̀kan lẹ́yìn, tí òmíràn ń bọ̀ níwájú, tó sì dà bíi pé ọ̀dọ̀ ẹ ni wọ́n ti máa pàdé, títì ò gba ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sọ̀ sínú koríko. Kò sẹ́ni tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ inú píkọ́ọ̀pù ní tiwọn máa kí ẹ. Ìka ìfábẹ̀lá kan ni, á gbé e sókè díẹ̀ lórí sítíárì, ọwọ́ ò ní kúrò. Àwa tí a ní ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn, ẹ kú atẹ́gùn, ẹ kú ìjókòó, ìka kan ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí. Fi ìka kan dáhùn. Tí o bá ju gbogbo apá bí ẹni tó rí ọmọ ìyá ẹ̀ ní Òṣòdì, á dúró, á bi ẹ́ bóyá kẹ̀kẹ́ bàjẹ́, á fẹ́ gbé ẹ dé ilé. Kọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́. Omi tó bá fún ẹ, gbà.

Bó bá sì bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ̀gún ni. Wọ́n ń pè é ní orí ewúrẹ́, torí ó ní ìwo méjì. Ó ṣe bíi dágunró. Tí o bá tẹ kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti tọ̀, o ti kó márùn-ún. Fọ́kánáísà ò sí lábẹ́ igi, igi gan-an ò sí. Nítorí náà, kí o tó kúrò nílé, rí i pé ibi tí wọ́n kọ orúkọ táyà sí dọ́gba pẹ̀lú ẹnu túùbù. Ọjọ́ tó bá jò, ihò ara túùbù á júwe ibi tí ẹ̀gún wà lára táyà. Fi ọ̀pá ike méjì ṣí táyà, fa túùbù jáde, fún un ní afẹ́fẹ́ títí á fi wú ní ìlọ́po méjì. O ò ní gbọ́ ṣíííí kankan, atẹ́gùn ti gba etí ẹ. Yí ẹ̀yìn sí i, gbé túùbù sún mọ́ ètè òkè, yí i díẹ̀díẹ̀. Ètè máa ń mọ̀. Ibi tó bá ti fẹ́ ẹ lẹ́nu, tu itọ́ díẹ̀ sí i, á hó.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń bà á jẹ́ rèé. Fi ṣáńpépà ha ibẹ̀ títí dídán á fi kúrò, fi sòlúṣọ̀n pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kó fẹ̀ ju àlẹ̀mọ́ lọ, kí o sì dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Sòlúṣọ̀n tó ṣì tutù kì í mú. Àfi kó gbẹ kó má dán mọ́. Ìgbà yẹn ni kí o tẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ ọn bí ẹni tó ń tẹ ìka lórí ìwé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi àkísà nu inú táyà yí ká. Àkísà ni mo wí. Ẹ̀gún tó lu rọ́bà, ìka ẹ ò ní bà á lẹ́rù. Ibi tí àkísà bá ti há, fi ẹ̀mú fa ìwo yẹn jáde, torí tó bá kù síbẹ̀, kí o tó rìn máìlì kan wàá tún bẹ̀rẹ̀. Táyà tó fẹ̀ ní mìlímítà 35, fún un ní afẹ́fẹ́ tó 60 psi lójú gééjì.

Oúnjẹ ò le, torí o ní gààrí. Kò wúwo, kò ń bàjẹ́, 100 gíráàmù ẹ̀ tó kálórì 350. Ìṣòro ibẹ̀ ni omi: lẹ́yìn aago mẹ́wàá, omi inú ìgò kẹ̀kẹ́ ti gbóná, gààrí tí o bá dà sí i kò ní rẹ, ẹ̀bà tí ò jinná ló máa dà. Má sì rẹ ẹ́ sínú ìgò kí o dé e; á wú dí ẹnu ìgò, ọ̀bẹ lo máa fi mu omi. Ilé epo ní Scott City, ife yìnyín ńlá ni kí o rà. Gààrí ìkúnwọ́ méjì, ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀ nítorí òógùn tó ti gbẹ funfun sára aṣọ ẹ, ẹ̀pà. Àwọn ará ibẹ̀ á máa wò ẹ́. Máa jẹ lọ.

Dighton, ìlú tó tẹ̀ lé Scott City, ni kí o ti bu omi lítà mẹ́rin, torí máìlì 31 ló kù, má sì gbójú lé ṣọ́ọ̀bù kankan lọ́nà. Nítòsí Beeler lágbedeméjì ni George Washington Carver, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Missouri, tó wá di gbajúgbajà onímọ̀ ẹ̀pà ní ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee, ti gba ilẹ̀ éékà 160 lọ́dún 1886. Erùpẹ̀ pẹ̀lú koríko lára ló gé kọ́lé, nígbà tí igi ò sí. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi kó lọ. Wọn ò kọ ọ́ pé atẹ́gùn ló lé e.

Ní Ness City, kí ilẹ̀ tó ṣú, pe ọ́fíìsì ṣẹ́ríìfù, kì í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì o, kí o ní oníkẹ̀kẹ́ ni ẹ́, ṣé o lè sùn sí ọgbà ìlú. Aláwọ̀ dúdú nínú àgọ́ kò yẹ kó jẹ́ ìròyìn tuntun fún ọlọ́pàá ní aago méjì òru. Fi ẹsẹ̀ wá koríko kí o tó pàgọ́: tí o bá tẹ irin kékeré nílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń bomi rin koríko nìyẹn, òru ló sì ń ṣiṣẹ́. Sún síwájú, tàbí kí o da ìkòkò bò ó. Tí àrá bá ń bọ̀, fi àgọ́ sílẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníbíríkì ni kí o sá sí. Tí ìyá bá tún pè, sọ pé o ti dé. Má sọ ibi tí o dé.

Aago mẹ́rin ìdájí, kí o tó gbé ẹrù lé kẹ̀kẹ́, fi àtàǹpàkò tẹ táyà ẹ̀yìn. Ó ti rọ̀. Ìwo kejì lára ẹ̀gún àná ni.