Ọba tó jẹun lójú ayé

Ìyá mi ló kọ́kọ́ pariwo. Mo ń fi fídíò àsè tí ìjọba Faransé ṣe fún Ọba Charles Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ààfin Versailles, 20 Oṣù Kẹsàn-án 2023, hàn wọ́n lórí fóònù. Ibi tí ọba ti gbé ife sókè ni wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ mi: "Ojú gbogbo ayé lọba yìí ti ń jẹ tó ń mu? Kò sẹ́ni tó lè bá wọn ta aṣọ síbẹ̀?"

Ẹ má bá màmá wí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọba kì í jẹun ní gbangba. Ṣùgbọ́n ní Versailles, ìran wíwò loúnjẹ ọba láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé tó sọ ibẹ̀ di ààfin ńlá, nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ló máa ń jókòó ti oúnjẹ. Àwọn ìyàwó ìjòyè tí ipò wọn ga jù á jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, àwọn yòókù á wà lórí ìdúró, wọ́n á máa wo ẹnu ọba bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Àpótí lásán yẹn, ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí ni.

Òun náà ló kọ́ Gbọ̀ngàn Onídígí tí Charles ti jẹun, láti 1678 sí 1684. Gígùn rẹ̀ tó mítà 73, dígí 357 ló wà lára ògiri, tí gbogbo wọn kọjú sí fèrèsé. Bí iná bá tàn, ẹni kan á di mẹ́wàá. Edé òkun ńlá aláwọ̀ búlúù àti akàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, adìyẹ Bresse, ti agbègbè kan ní Faransé, tẹ̀ lé e, wàrà líle ilẹ̀ méjèèjì tún dé. Mick Jagger olórin wà níbẹ̀, Hugh Grant òṣèré náà wà níbẹ̀. Àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ Chelsea kò tiẹ̀ rí ọba mọ́ látìgbà tó ti rí Drogba.

Nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn 28 Oṣù Kẹfà 1919 tó já Tógò gbà lọ́wọ́ Jámánì, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi rí i pín. Wọn ò bi ọmọ Tógò kankan léèrè. Èyí kì í kúrò lọ́kàn mi bí mo bá rí dígí wọ̀nyẹn.

Ohun tó tiẹ̀ mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn tó ṣe àsè náà kò lọ́ba. Oṣù Kẹwàá 1789 làwọn obìnrin Paris fẹsẹ̀ rìn dé ààfin yìí nítorí búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó Ọba Louis Kẹrìndínlógún àti aya rẹ̀ bọ̀ ní Paris. Nígbà tó di 1793, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ìbínú yẹn ò tíì tán lára wọn. Oṣù Kẹta 2023 ló yẹ kí Charles ti lọ, ṣùgbọ́n ìjọba fẹ́ sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì láti 62 sí 64, ìgboro dàrú, wọ́n dáná sun ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìlú Bordeaux, tó wà lára ibi tí ọba fẹ́ dé. Wọ́n ní kí àlejò ṣì dúró ná.

Ó dúró, ó dé, wọ́n ṣe é lálejò. Ní 2024, Cour des comptes, àwọn tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò, kó gbogbo ìnáwó náà síta: nǹkan bí 475,000 owó euro. Ohun mímu nìkan lé ní 42,000. Wọ́n tún sọ ọ́ síta pé ọ́fíìsì ààrẹ ná mílíọ̀nù 8.3 euro ju owó tó wọlé fún un lọ. Ariwo sọ.

Èmi ò bínú sí àsè. A kì í fi gàrí gbígbẹ gba ọba lálejò. Ẹnu rẹ̀ ni Louis Kẹrìnlá fi han àwọn èèyàn, kò fi ìwé owó hàn wọ́n. Ti 2023 yìí, wọ́n fi méjèèjì hàn.

Tiwa ńkọ́? Ọba wa kì í ṣe àjòjì ní irú ìrìn àjò yìí. Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ kí Ọba Edward Keje ní London ní 1904. Nígbà tí Kábíyèsí ìlú tiwa náà fẹ́ lọ sókè òkun, wọ́n dá owó lé gbogbo ọmọ ìlú lórí. Mo san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, a rí fọ́tò. Mo dìde nípàdé, mo béèrè iye tá a ná àti iye tó kù. Alága ní ọ̀rọ̀ ọba kì í ṣe ohun tí à ń béèrè ní gbangba. Rísíìtì mi ṣì wà nínú Bíbélì mi.