Gààrí tí kò gbẹ kọ́ ni gààrí Ìjẹ̀bú

Ọdọọdún ni! Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ọmọ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ kàwé nílùú Òyìnbó, gààrí játijàti á gbòde ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọn á sì máa pè é ní gààrí Ìjẹ̀bú.

Gààrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Bí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, inú àpò ló yẹ kó wà fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kí ó kan, kí omi rẹ̀ sì ro dànù. Wọn á wá sẹ́ ẹ, wọn á yan án lórí iná tí kò le jù, títí yóò fi gbẹ táútáú. Èyí tí wọ́n fi ọjọ́ kan ṣe kò lè kan, bẹ́ẹ̀ kíkan yẹn gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun ń wá nígbà tó bá fi omi tútù, ṣúgà àti ẹ̀pà mu ún lóru ìdánwò.

Èyí tó burú jù ni kí wọ́n dì í nígbà tó ṣì gbóná. Ooru á di omi sínú ọ̀rá, gààrí á dì, á sì bu. Nínú àpótí kílò 23 tí ọmọ ń gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí kílò 5 wá di ohun tí ọmọ ọlọ́mọ ń dà sí ààtàn! Ó dùn mí wọra. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù pátápátá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ìyá tó ń rà á, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fún un pọ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.