Apá Ta Lèyí Nínú Fídíò Mi?

Ẹ bá mi bi àwọn tá a jọ wọ ọkọ̀ réluwè o. Ẹni tó sanwó ọkọ̀, tí wọ́n fún ní àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí nọ́ńbà àga náà wà lára tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbangba, ṣé fèrèsé yẹn kì í ṣe tiẹ̀ mọ́ tí ọkọ̀ bá ti dé ibi tí gbogbo èèyàn fẹ́ rí ni? Torí ohun tí wọ́n fojú mi rí lórí ojú irin Fort William sí Mallaig ní Scotland nìyẹn, títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀: ẹsẹ̀ Ben Nevis ni Fort William wà, òkè tó ga jù ní gbogbo Britain, mítà 1,345. Láti ibẹ̀, ojú irin gba àárín òkè àti adágún lọ títí dé Mallaig létí òkun, nǹkan bíi máìlì 41. Nígbà ooru, ọkọ̀ réluwè ayé àtijọ́, eléèédú, máa ń gbé àwọn tó wá gbafẹ́ gba ibẹ̀. Kí ọ̀nà tó dé ìdajì ni ẹ ó ti kan afárá Glenfinnan. Ojú afárá náà jẹ́ 21, ó gùn ní mítà 380, ó ga tó mítà 30, kọnkéré lásán ni wọ́n sì fi kọ́ gbogbo ẹ̀. Kò lọ tààrà, ṣe ló tẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ yẹn ni ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn, lọ́wọ́ òsì, ṣe máa ń rí orí ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú ẹ̀, tó ń tú èéfín lọ níwájú. Fíìmù Harry Potter, ti àwọn ọmọ oṣó tí gbogbo ayé wò, ló sọ ibẹ̀ di ibi tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ.

Èmi ò bá ti ọmọ oṣó lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló rán mi níṣẹ́. Iṣẹ́ réluwè ni wọ́n ṣe ní Ìbàdàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, Bàbá Réluwè la sì ń pè wọ́n nílé, torí fídíò réluwè ni wọ́n ń wò lórí YouTube láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé à ń lọ, wọ́n pè mí. "Má fi orin kankan sí i o. Ohùn ẹ̀ ni mo fẹ́. Kí n ṣáà gbọ́ bó ṣe ń mí nígbà tó bá ń gun òkè." Wọ́n ní àlọ ni kí n yà, kí n má dúró de àbọ̀, torí kò síbi tí wọ́n ti lè yí ẹ̀rọ náà padà ní Mallaig, ẹ̀yìn ló máa ń fi rìn bọ̀. Wọ́n tún rán mi létí pé 1901 ni ojú irin Èkó dé Ìbàdàn, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí ti Mallaig. (Bàbá yìí mọ ìtàn réluwè ju ìtàn ìdílé wa lọ.)

Orí sì bá mi ṣe é: kóòṣì ẹ̀yìn ni wọ́n fún wa, ọwọ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo nu gíláàsì. Mo ti fóònù mọ́ ọn kí iná inú ọkọ̀ má bàa hàn nínú ẹ̀. Mo ti ṣe gbogbo ìpalẹ̀mọ́ tán.

Ọkọ̀ ò tíì dé orí afárá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún dìde. Àwọn tó wà níwájú, tí wọn ò lè rí orí ọkọ̀ láti ibi tí wọ́n wà, wọ́ tìrítìrí wá sí kóòṣì tiwa. Wọ́n ya lù wá bí ìgbà tó jẹ́ pé dáńfó tó kẹ́yìn ló fẹ́ gbéra l'Óṣòdì. Ìyáàfin kan gbé orúnkún lé àga ìyàwó mi, ìyàwó mi sì wà lórí àga o! Ọkùnrin kan na tábúlẹ́ẹ̀tì gba iwájú ojú mi kọjá, kò tiẹ̀ wò mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń ya fídíò." Ó ní kí n má bínú, ìṣẹ́jú àáyá kan péré lòun fẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan! Afárá tó jẹ́ pé kí èèyàn tó wúkọ́ dáadáa, a ti kọjá ẹ̀!

Ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá pa mí lẹ́rìn-ín ìbínú. Ó yọ ọ̀pá gígùn kan, ó fi fóònù sórí ẹ̀, ó kẹ̀yìn sí afárá, ó ń ya ara ẹ̀. Ẹni tó wá láti ibi tó jìnnà, tó sanwó ilé ìtura, tó sanwó ọkọ̀, ó wá kẹ̀yìn sí ohun tó wá wò. Ẹ̀rọ ń mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, ohùn tí bàbá ní kí n gbà sílẹ̀ gan-an, ni ẹlòmíì bá tan orin fíìmù yẹn sórí fóònù, ó gbé e sókè débi tó lè dé.

Ẹnì kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó yọ orí àti apá méjèèjì síta lójú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má yọrí. Ẹ̀ka igi ń gbá ara ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ní 2016, lẹ́bàá Balham ní gúúsù London, arìnrìn-àjò kan kú torí pé ó yọrí síta lójú fèrèsé réluwè tó ń sáré. Èèyàn kú o! Fídíò wo ló tó ìyẹn?

Mo wo ìta, kí ni mo rí? Ogunlọ́gọ̀ lórí òkè, gbogbo wọn gbé fóònù sókè sí wa. Àwọn ń yà wá, àwa ń yà wọ́n. Kò sẹ́ni tó fi ojú tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn wo nǹkan kan.

Èyí tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Bí a ṣe kọjá afárá báyìí, gbogbo wọn tú ká. Wọ́n padà sí àga wọn, wọ́n dorí kodò, wọ́n ń wo ohun tí wọ́n yà, wọ́n ń fi àwọ̀ sí i, wọ́n ń wá íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò sí láàárín òkè yẹn. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dùn. Adágún Loch Eilt wá, pẹ̀lú erékùṣù kéékèèké tí igi hù sórí wọn. Afárá Loch nan Uamh wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibẹ̀ fún yín. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ojú irin yìí, ẹṣin kan já sínú òpó afárá tòun ti kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń fà. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé Glenfinnan ló ti ṣẹlẹ̀. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roland Paxton ti kámẹ́rà bọ inú òpó Glenfinnan, kò bá ẹṣin kankan. Àfi ní 2001 tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wo inú ògiri yẹ òpó ńlá àárín Loch nan Uamh wò: ẹṣin rèé, kẹ̀kẹ́ rèé, wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Odidi ẹṣin! Nínú afárá! A gba orí ẹ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Òkun yọ, erékùṣù Eigg àti Rum yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ọkùnrin onítábúlẹ́ẹ̀tì ti sùn, ó ń hanrun.

Mo fi fídíò ránṣẹ́ sí Bàbá Réluwè lórí WhatsApp láti Mallaig. Kò pẹ́ tí ohùn wọn fi wọlé. "Ta ló ni apá yìí?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀rọ dà? Mo gbọ́ orin, mo gbọ́ igbe òyìnbó, mi ò gbọ́ réluwè. Ṣé inú ọkọ̀ lo wà àbí ibi àríyá?"

Ẹnì kan máa ní fídíò ni gbogbo wa ń yà, kí ló wá dé tí mò ń pariwo. Àga mi ni mo jókòó sí! Mi ò gun ẹnikẹ́ni, mi ò na apá gba ojú ọmọ ọlọ́mọ. Tó bá jẹ́ pé èéfín àti afárá lẹ ń wá, ọ̀nà ẹsẹ̀ wà láti ibùdókọ̀ Glenfinnan lọ sórí òkè, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá rìn ín. Ẹ lọ dúró síbẹ̀, ẹ ó rí ọkọ̀ láti orí dé ìdí, ẹ ó rí gbogbo ojú afárá pé pérépéré, apá ẹnikẹ́ni ò ní dí yín lójú.

Ìyàwó mi ní tá a bá tún fẹ́ lọ, ọkọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ la máa wọ̀. Ojú irin kan náà ló ń gbà, ó dín owó, kò sì sí ìkọlù. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ bàbá lọ. Wọ́n ní ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì (diesel) ni ìyẹn, dísẹ́ẹ̀lì kì í mí, eléèédú làwọn ń bá mi sọ, kí n padà lọ yà á dáadáa.

Ta ni yóò wá san owó tíkẹ́ẹ̀tì?