Ẹni Tó Páàsì Bọ́ọ̀lù Ni Kẹ́ Ẹ Kí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ kú ìfaradà ìlú yìí náà. Èrò ọkàn mi nìyí, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, àyè wà.

Àwa Yorùbá mọ ọpẹ́ dú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tẹ́nì kan bá ra mọ́tò lóṣù yìí, Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ó ti wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ kan náà lọ́rùn gbogbo mọ̀lẹ́bí, àwọn onílù ti dúró, jọ̀lọ́ọ̀fù ti wà nínú kúlà, ijó yá. Mi ò bínú sí i o, èmi gan-an máa ń lọ, mo máa ń jó, mo sì máa ń di jọ̀lọ́ọ̀fù sínú rábà bọ̀ wálé. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ẹni tó ra mọ́tò yẹn, ìyàwó ẹ̀ ló fi owó ọjà san owó súkúù àwọn ọmọ ní gbogbo àsìkò tí bàbá ń tọ́jú owó mọ́tò pamọ́, bàbá á wá gba máìkì, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́, á wá ní "àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró tì mí." Gbogbo ẹ̀yin! Inú gbogbo ẹ̀yin ni obìnrin yẹn wà, òun àti àwọn tó wá gbé kánópì.

Tèmi ni pé ọpẹ́ tí ò bá dárúkọ èèyàn, kò tíì délé ẹni tó ni ín. Ẹ má sọ pé mò ń sọ̀rọ̀ òdì o, àwọn alífáà gan-an máa ń wàásù ẹ̀ pé ẹni tí ò dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Orí kóòtù básíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́ èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti wà lọ́kàn mi kí n tó mọ ọkùnrin kankan rárá. Sẹ́kọ́ńdìrì la ti bẹ̀rẹ̀, lórí kóòtù oníṣìmẹ́ńtì tó ti sán síbí sán sọ́hùn-ún, irin lásán ló wà lókè, kò sí àwọ̀n, torí náà tí bọ́ọ̀lù bá kọjá lẹ ò ní mọ̀ bóyá inú irin ló gbà àbí ẹ̀gbẹ́, àwọn kan á ní ó wọlé, àwọn kan á ní irọ́ ni, ìjà dé nìyẹn títí aago á fi lù.

Nínú eré yìí, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù wọlé, kó tó máa lu àyà, ẹ máa rí i tó na ìka sẹ́nì kan. Ẹni tó páàsì fún un nìyẹn. Kóòṣì kan wà tó ń jẹ́ Dean Smith, yunifásítì North Carolina ló ti ṣe kóòṣì láti 1961 títí di 1997, Michael Jordan gan-an kọjá lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́dọ̀ bàbá yìí, dandan ni: tó o bá ti ju bọ́ọ̀lù wọlé, na ìka sẹ́ni tó fún ẹ, kí gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ rí i. Wọ́n tún wá ń kà á o. Páàsì tó bá di póìǹtì, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, àsíìsì ni wọ́n ń pè é. John Stockton fi ọdún 19 gbá fún tíìmù Utah Jazz, àsíìsì 15,806 ló ní kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2003, kò tíì sẹ́ni tó kó tó bẹ́ẹ̀ ní NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, dòní olónìí. Karl Malone ló máa ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀ jù, Malone sì ju póìǹtì tó lé ní 36,000, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa pìtàn Malone tí ò ní dárúkọ Stockton. Àní wọ́n jókòó, wọ́n mú bírò, wọ́n ń ka iye ìgbà tẹ́nì kan ṣe ẹlòmíì lóore. Nínú ilé tiwa ńkọ́, ta ló ń kà á?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ mi ṣe é.

Ọkọ mi ò mọ nǹkan kan nípa básíkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni tiẹ̀, Arsenal sì ni, ìyà tó ti jẹ ẹ́ lórí ìyẹn tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo NBA láti Nàìjíríà mọ bó ṣe ń rí: àṣekágbá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago kan ààbọ̀ òru, nígbà míì aago méjì, torí ìgbà tó jẹ́ alẹ́ fún wọn ló jẹ́ òru fún wa, NEPA ò sì mọ̀ pé bọ́ọ̀lù wà. Ọkùnrin yìí á ti béèrè lọ́sàn-án pé "ṣé òní ni tiyín yẹn?" Mi ò tiẹ̀ ní mọ̀gbà tó máa gbé kẹ́ẹ̀gì jáde. Ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta epo látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí ẹ̀ lọ́dún 2023. Á ra ìwọ̀nba tí agbára ẹ̀ ká, á rọra dà á sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré wa, I-better-pass-my-neighbour yẹn, á fi àkísà nu ẹnu ẹ̀, á yọ pọ́lọ́ọ̀gì á fọ́n atẹ́gùn sí i, á dì í padà, á wá gbé e lọ sẹ́yìn ilé lọ́hùn-ún kí ariwo ẹ̀ má bàa jí àwọn ará ilé kejì. Tó bá di aago kan òru, òun náà ló máa lọ fa okùn ẹ̀. Á wá jókòó tì mí lórí àga, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti ń hanrun.

Á kàn ta jí lójijì, á ní "àwa ńkọ́, ṣé à ń nà wọ́n?" Kò mọ ẹni tí àwa jẹ́ o! Èmi náà á ní à ń nà wọ́n. Á ní "ẹn-ẹ́n, ó dáa," á padà sùn.

Lóṣù Keje 2021, lóru ọjọ́ tí Giannis Antetokounmpo ju póìǹtì 50 fi gba ife fún Milwaukee Bucks lọ́wọ́ Phoenix Suns, ariwo tí mo pa ló jí i, ó rò pé olè ti dé. Mo wá ń ṣàlàyé fún un pé ọmọ wa ni o, Yorùbá ni bàbá ẹ̀, Ìgbò ni ìyá ẹ̀, Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n bí i sí, ó ti ta aago àti gíláàsì ojú lẹ́bàá títì kí wọ́n lè rí jẹ nílé, òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Thanasis ti pín bàtà kan náà wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù rí, àti pé àwọn èrò ti fi jíju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí nínú ìdíje ọdún yẹn, wọ́n á máa ka ení èjì lé e lórí tó bá fẹ́ jù ú torí ó máa ń pẹ́ kó tó jù ú, àmọ́ lálẹ́ yìí 19 ló jù, 17 ló wọlé. Ọkọ mi wojú mi báyìí, ó ní "ọmọ Adétòkunbọ̀ ló wà níbẹ̀ látàárọ̀, o wá jẹ́ kí n máa sùn?" Kò sùn mọ́ títí wọ́n fi gbé ife fún wọn.

Giannis yìí gan-an, ẹ lọ wo fídíò ìgbà tí wọ́n fún un ní MVP, ẹ̀bùn ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù ní NBA, lọ́dún 2019. Ẹkún ló ń sun. Ó dárúkọ bàbá ẹ̀ tó ti kú lọ́dún 2017, ó kí àwọn ẹ̀gbọ́n àtàbúrò ẹ̀, ó kọjú sí ìyá ẹ̀ níbi tó jókòó sí. Kò fi ẹnì kankan sínú gbogbo ẹ̀yin.

Kẹ́ ẹ má bàa ṣì mí gbọ́ ṣá, ilé wa kì í ṣe ọ̀run. Táwẹ́ẹ̀lì tútù tí ọkùnrin yìí máa ń jù sórí bẹ́ẹ̀dì ni kó jẹ́ kí n rí àlàáfíà, tó bá sì ní "mò ń bọ̀ báyìí-báyìí," ẹ lọ se ìrẹsì ẹ jẹ ẹ́ tán. Mo lè dúpẹ́ epo lọ́wọ́ ẹ̀ láàárọ̀ kí n sì jà sí i nítorí táwẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án, ìkan ò pa ìkan lára. Ohun tí mi ò sì lè gbà ni èyí táwọn ìyá wa kan máa ń ṣe, wọ́n á rí ọmọbìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń lù bí ẹni lu bàrà, wọ́n á ní kó máa dúpẹ́ ṣáá pé òun wà nílé ọkọ, pé àwọn míì ń wá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọpẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹnu lẹ fẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tí ò gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹnì kankan, ta ló fẹ́ na ìka sí?

Ó ku Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì àti èmi la jọ gbá bọ́ọ̀lù ní súkúù, òun ló máa ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn torí kò ga, èmi gàgàrà ló máa ń dúró lábẹ́ irin. A ṣì ń gbá a títí dòní láàárọ̀ Sátidé kan sí òmíì, àwa àtàwọn ìyá ọlọ́mọ díẹ̀, a máa ń sáré díẹ̀, a máa ń rojọ́ púpọ̀, Àbóníkì ló sì máa ń parí ẹ̀ tá a bá délé. Nígbà tí bàbá mi kú, èrò pọ̀, mi ò purọ́. Àpò ìwé owó dé, aṣọ ẹbí dé, àwọn tí mi ò rí láti ọdún gbọ́nhan dé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ti ká kánópì, tí kálukú ti gba ilé ẹ̀ lọ, Ìyá Ìbejì kanlẹ̀kùn láàárọ̀ kùtù, ó gbé mọ́ínmọ́ín eléwé àti ẹ̀kọ dání. Kò bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣe sí i. Ó gbé àpótí síta, ó kó àwọn ìkòkò ìnáwó tí èéfín ti dà láró, ó fi eérú àti kànìnkànìn bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdí wọn, ìkọ̀ọ̀kan tó bá sì ha mọ́ tán á yí i sójú oòrùn. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, mò ń jẹ ẹ̀kọ. Ọ̀rọ̀ tá a sọ ní gbogbo àárọ̀ yẹn ò pọ̀.

Òun náà la jọ wo D'Tigress, tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin Nàìjíríà, ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, lórí fóònù ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ. Máṣíìnì dúró. Oníbàárà tó wá gba aṣọ òde dúró. Ìgbà tí wọ́n na Australia 75 sí 62, ìyá oníbàárà yẹn tí ò mọ ohun tó ń lọ ló ń pariwo jù. Wọ́n tún wá na Kánádà 79 sí 70, bí wọ́n ṣe wọ kọ́tà-fáínà nìyẹn, kò sì sí tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì kankan láti Áfíríkà, tọkùnrin tobìnrin, tó débẹ̀ rí ní Òlíńpíìkì. Rena Wakama, obìnrin bíi tiwa, ni kóòṣì wọn. Lọ́dún 2025 wọ́n gba AfroBasket, ife básíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Áfíríkà, ìkarùn-ún léra ní Abidjan, látọdún 2017 ni wọn ò ti fi ife yẹn sílẹ̀ fẹ́nì kankan. Ìjọba fún wọn ní owó, ilé, àti oyè, ó tọ́ sí wọn, mi ò sì jowú (mo jowú díẹ̀). Àmọ́ ìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, ẹnì kan ló kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Ẹ wo Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, gólì ló ń ṣọ́ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó tún ń gbá handball, ó ti gòkè àgbà díẹ̀ kí wọ́n tó pè é sórí kóòtù básíkẹ́ẹ̀tì, lọ́dún 1984 tí àwọn tíìmù NBA ń yan àwọn ọmọ tuntun, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú, Jordan ṣìkẹta. Ẹni tó pè é yẹn, ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Èmi mọ tèmi: tíṣà géèmù wa, obìnrin kúkúrú kan báyìí, owó ara ẹ̀ ló fi máa ń lẹ bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ fọkanáísà tó bá ti jò. Mò ń wá nọ́ńbà ẹ̀, ẹni tá a bá jọ ṣe súkúù tó bá ní in, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ látorí Ìyá Ìbejì, mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, mo ní ọ̀rẹ́ mi, mo dúpẹ́ ọjọ́ ìkòkò yẹn, mi ò tíì dúpẹ́ ẹ̀ dáadáa rí. Kíá ló ti pè mí. "Ṣé kò sí o? Ṣé ara ẹ yá? Ṣé dókítà sọ nǹkan kan ni?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "èló lo fẹ́ yá?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi náà, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúpẹ́ epo lọ́wọ́ ẹ̀ tòun-torúkọ ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, ó bi mí pé kí ni mo fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tiẹ̀ sọ fún mi pé bí mo ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ lójoojúmọ́ yìí á jẹ́ kó gbéra ga. Kó gbéra ga nígbà náà, tó bá ṣáà ti fa okùn jẹnẹrétọ̀.

Ìyá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè báyìí pé ẹnì kan ti sọ fún òun pé mò ń kọ nǹkan nípa òun. Mo ní mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, pé tí mo bá ní mo fẹ́ dúpẹ́ lóòótọ́, kí n tètè dé kóòtù ní Sátidé, torí ó ti sú òun láti máa gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ kí èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ máa di okùn bàtà.