Jesaulenko ní Carlton: ṣé ife-ẹ̀yẹ 1979 ni a ó fi rántí rẹ̀, àbí bí ó ṣe kúrò?

Àrẹ̀mú: Àwọn kan ní kò yẹ kí á ka Alex Jesaulenko mọ́ àwọn tó tún ẹgbẹ́ Carlton ti ìlú Melbourne, tó ń gbá bọ́ọ̀lù Ọsirélíà (èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ gbá), ṣe, nítorí pé kò pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Èmi kò gbà. Nígbà tí wọ́n fa ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́ ní 1978, òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá kẹta ní sáà kan ṣoṣo. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba ife-ẹ̀yẹ VFL (líìgì bọ́ọ̀lù náà ní ìpínlẹ̀ Victoria), tí òun fúnra rẹ̀ sì wà lórí pápá gẹ́gẹ́ bí balógun. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó di ipò méjèèjì yìí mú pọ̀ tó tún gba ife náà.

Baba Kọ́ládé: Àrẹ̀mú, òótọ́ lo sọ nípa ife, ṣùgbọ́n 82 sí 77 péré ni wọ́n fi na ẹgbẹ́ Collingwood ní àṣekágbá. Wayne Harmes ló sáré lé bọ́ọ̀lù tí òun fúnra rẹ̀ gbá, tó fò ṣubú lẹ́bàá ìlà, tó fi ìkúùkù gbá a padà síwájú òpó, kí Ken Sheldon tó rí i fi jẹ góòlù. Àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí David Parkin, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dé lẹ́yìn náà, fi kó púpọ̀ nínú wọn gba ife ní 1981 àti 1982.

Àjíkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni ẹ ó wí nípa 1980? Àwọn agbábọ́ọ̀lù kan náà ló kù fún Peter Jones tó rọ́pò Jesaulenko, wọn kò sì rí ife gbà. Bí ó bá jẹ́ agbábọ́ọ̀lù nìkan ló ń ṣe é, kí ló dé tí ọdún náà fi bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́?

Baba Kọ́ládé: Ọmọ mi, ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. George Harris pàdánù ipò ààrẹ ẹgbẹ́, Jesaulenko sì tẹ̀ lé ẹni tirẹ̀ jáde, ó gba ẹgbẹ́ St Kilda lọ, nígbà tí ife ṣì wà lọ́wọ́ Carlton. Ẹni tó bá jẹ́ balógun àti akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹ́ ló ni ín, kì í ṣe ààrẹ kan.

Àrẹ̀mú: Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, sà, àmọ́ àwọn tó yọ Harris ló yẹ kí wọ́n wá bí wọn yóò ṣe dá a dúró.

Àjíkẹ́: Ó sì padà wá. Nígbà tí wọ́n yọ akọ́nimọ̀ọ́gbá Robert Walls láàárín sáà 1989, Jesaulenko ni wọ́n ránṣẹ́ pè, ó sì jẹ́ wọn lóhùn. Àmì-ẹ̀yẹ fún ẹni tó bá fò gba bọ́ọ̀lù lọ́nà tó dára jù lọ́dún ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù nìyẹn. Lórí iṣẹ́ olórí tí à ń jiyàn lé, ìpadàbọ̀ yẹn ni mo fi dá a láre.

Baba Kọ́ládé: Mo gba ti ìpadàbọ̀ náà. Ife 1980 ni mi ò lè fi jì í.