Pé olùkọ́ tuntun mọ fóònù lò kò sọ pé ó mọ bulletin ṣe

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Bẹ̀nẹ̀, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) títí dé Kétu àti Ṣábẹ, pé olùkọ́ tí ó bá ti jẹ́ ọ̀dọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe bulletin, ìyẹn ìwé èsì tí a ń fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìparí sáà. Àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́ a máa sọ pé inú ayé kọ̀ǹpútà ni wọ́n bí wọn sí, pé fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ wọn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, nítorí náà kí a ṣáà fún wọn ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ó parí. Àwọn àgbà olùkọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń di iṣẹ́ tiwọn lé e fún wọn: “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́.” Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ń ba èsì àwọn ọmọ jẹ́ ní ọ̀nà tí ojú kì í tètè rí.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2001, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Marc Prensky kọ àpilẹ̀kọ kan nínú èyí tí ó ti pe àwọn tí a bí sínú ayé kọ̀ǹpútà ní ọmọ onílẹ̀, tí ó sì pe àwa tí ó bá wa lágbà ní àlejò. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì tàn kálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀n ọ́n wò. Àmọ́ nígbà tí àjọ IEA, tí ó máa ń fi ìdánwò ṣe àfiwéra láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, gbé kọ̀ǹpútà síwájú àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ọdún kẹjọ ẹ̀kọ́ wọn, àwọn ojúgbà ọmọ quatrième tiwa, nínú ìwádìí ICILS ti ọdún 2018, ìdá 2 péré nínú 100 wọn ni ó dé ipele tí ó ga jù lọ. Denmark, Finland, Jámánì, Faransé, Kòríà àti Amẹ́ríkà wà lára àwọn ilẹ̀ tí ó kópa. Àwọn olùwádìí náà sì sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé kí ọmọ kàn dàgbà sáàárín ẹ̀rọ kò tó láti sọ ọ́ di ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún ọmọ tí iná mànàmáná kì í lọ nílé rẹ̀, èmi kò mọ ohun tí a ó fi gbà pé yóò sàn jù fún olùkọ́ tí ó jẹ́ pé fóònù kan ṣoṣo ni ó lò ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà ní yunifásítì.

Mo fara mọ́ apá kan nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Ọwọ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ yá ju tèmi lọ, ẹ̀rù kì í sì í bà á láti tẹ ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí fóònù kọ́ ọ yàtọ̀ sí ohun tí bulletin ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù a máa bá ènìyàn fi ohun gbogbo pamọ́. Ẹni tí ó ti ń lò ó láti kékeré lè má tíì sọ fáìlì kan lórúkọ rí, bí olórí ilé ẹ̀kọ́ bá sì ní kí ó da iṣẹ́ rẹ̀ sórí clé (USB tí a ń kó fáìlì sí) wá, ó lè máà mọ ibi tí iṣẹ́ náà wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo ti rí clé kan tí fáìlì “Notes”, “Notes vrai” àti “Notes vrai vrai” (máàkì gidi gidi) jọ wà lórí rẹ̀, tí ẹni tí ó ni í kò sì lè sọ èyí tí a ó gbà gbọ́ nínú wọn.

Orí Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to nọ́ńbà sí òpó tí a sì fi ń ṣírò wọn, ni ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń kó máàkì jọ kí wọ́n tó gbé e sínú ètò bulletin tàbí sórí EducMaster, èyí tí a ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àkóso ilé ẹ̀kọ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Olùkọ́ tuntun fẹ́ to orúkọ àwọn ọmọ ní ìtẹ̀léra A sí Z. Ó yan òpó orúkọ nìkan. Excel bi í bóyá kí òun fa àwọn òpó yòókù mọ́ ọn. Ó ní rárá, nítorí pé fóònù ti mọ́ ọn lára láti máa pa ìbéèrè rẹ́ láìkà á. Lójú ẹsẹ̀ náà, orúkọ ti kúrò ní ipò rẹ̀, máàkì kò kúrò. Ohun tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni pé kò sí àmì pupa kankan tí yóò yọ. Àpapọ̀ kò yí padà, moyenne (ìpíndọ́gba máàkì) kíláàsì kò yí padà, ẹni tí ó bá sì wo ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò rí i pé gbogbo máàkì tí a fún àwọn ọmọ ló pé síbẹ̀, àfi pé ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń jẹ wọ́n.

Bákan náà ni ti kọ́mà. Lórí kọ̀ǹpútà tí a tò sí èdè Faransé, 12,5 ni a ń kọ. Ẹni tí ó bá tẹ 12.5 yóò rí ohun tí ó jọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n Excel lè kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, nígbà tí a bá sì ní kí ó wá moyenne òpó náà, yóò fo ibẹ̀ kọjá láìwí nǹkan kan.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó ń mú olùkọ́ tuntun kọsẹ̀ jù, èyíinì ni ìṣirò tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó ti gba bulletin fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n kò ṣe ọ̀kan rí. Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ kan ní àpẹẹrẹ. Inú 20 ni a ti ń gba máàkì. Nínú interro mẹ́rin, ìyẹn ìdánwò kékeré inú kíláàsì, ọmọ náà gba 15, 16, 14 àti 15. Ó gba 8 nínú devoir (ìdánwò ńlá) kìn-ín-ní, ó sì gba 7 nínú ìkejì. Bí a ti ń ṣe é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ni pé a ó kọ́kọ́ sọ àwọn interro di máàkì kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ 15 níhìn-ín, kí a tó ro ó mọ́ devoir méjèèjì, kí a sì pín in sí mẹ́ta. 15 àti 8 àti 7 jẹ́ 30. Ọmọ náà ní 10. Olùkọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún yóò to máàkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò ní kí kọ̀ǹpútà wá moyenne wọn, kọ̀ǹpútà yóò sì fún un ní 12,5. Ẹ̀rọ kò purọ́, ohun tí a bi í ni ó dáhùn. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ìṣirò, tí coefficient rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí a ń ka máàkì iṣẹ́ náà nínú àpapọ̀, jẹ́ 4, 2,5 tí ó lé yẹn ti di 10 nínú àpapọ̀. Bí àpapọ̀ gbogbo coefficient kíláàsì náà bá sì jẹ́ 20, moyenne gbogbogbò ọmọ náà ti fi ìdajì máàkì gòkè. Ẹni tí ó yẹ kí ó ní 9,70 ti ní 10,20, àárín méjèèjì yẹn gan-an sì ni ààlà ẹni tí ó yege àti ẹni tí kò yege wà.

Interro tí a gbà nínú 10, tí a sì gbàgbé láti sọ di méjì kí a tó kọ ọ́ sí òpó tí ó ń retí 20, ń ṣe òdìkejì rẹ̀: ọmọ tí ó gba 8 nínú 10, tí ó mọ̀ pé òun ṣe dáadáa, yóò bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tí ó kùnà.

Èyí tí mo kà sí ìṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọmọ tí kò wá ní ọjọ́ devoir, nítorí pé kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí ó lè bá olùkọ́ yanjú rẹ̀. Kí a sọ pé moyenne interro rẹ̀ jẹ́ 14, devoir kìn-ín-ní rẹ̀ jẹ́ 12, kò sì sí níbẹ̀ ní ọjọ́ ìkejì. Bí a bá fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, Excel yóò fún un ní 13. Bí a bá kọ òdo síbẹ̀, yóò fún un ní 8,67. Ọmọ kan náà ni, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ó mú ìwé dókítà wá kò sì dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí ó sá lọ sí ọjà. Ọ̀rọ̀ wọn wà lọ́wọ́ ìlànà ilé ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ censeur, tí ń bójú tó ẹ̀kọ́, tàbí surveillant, tí ń bójú tó ìwà àti wíwá àwọn ọmọ, ni a sì ti í béèrè rẹ̀. Ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ fóònù rẹ̀ kò ní bí ó ṣe lè fi ìyẹn mọ èyí tí ó tọ́ nínú òfìfo àti òdo.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń pani lára jù ni pé ó ń pa ẹnu ọ̀dọ́ olùkọ́ dé. Nígbà tí àgbà bá ti sọ lójú gbogbo ènìyàn nínú yàrá àwọn olùkọ́ pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ta ni ọmọdé tí yóò dìde láti sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n? Yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, yóò gba iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n, yóò sì lọ máa wá fídíò kiri ní òru nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fúyẹ́. Ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tí a ń pè ní aspirant, tí ìjọba ti ń rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti ọdún 2019, nítorí pé àdéhùn tiwọn ní gbèdéke, wọn kò sì fẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ níbìkan pé iṣẹ́ kò yé wọn. Àwọn tí ó jáde ní École Normale Supérieure ti Àjàṣẹ́ pàápàá kò yàtọ̀ nínú èyí. Kò sí ìwé ẹ̀rí tí ó lè kọ́ni ní ètò tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a rán ni lọ yàn fún ara rẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì. Àgbà olùkọ́ tí ó ń sá fún kọ̀ǹpútà ni ó ní ìmọ̀ tí ó ṣòro jù lọ́wọ́. Ó ti ń fi bírò àti kalikulétọ̀ ṣe moyenne nínú ìwé máàkì rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó mọ ibi tí ọmọ tí ó sá fún devoir ń bọ́ sí, ó sì máa ń kàn fojú wo nọ́ńbà kan kí ó sọ pé “èyí kò lè jẹ́ ti ọmọ yẹn.” Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: àwọn méjèèjì ni kí a fi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, kí ọ̀dọ́ máa tẹ̀ ẹ́, kí àgbà máa ka ìwé, kí wọ́n sì máa bi ara wọn léèrè. Kí olórí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ pè wọ́n jọ, kí ó sì sọ pé iṣẹ́ ẹni méjì ni, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni.

Ní ti bí a ó ṣe kọ́ olùkọ́ tuntun, èmi a máa gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ná. Kí ó fi ọwọ́ ṣe bulletin ọmọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí ìwé. Lẹ́yìn náà, kí a fún un ní kíláàsì àfọwọ́dá tí ọmọ inú rẹ̀ kò pọ̀, tí a ti fi ìdẹkùn kún un: ọmọ kan tí ó ṣàìsàn, ọmọ kan tí ó sá, máàkì kan tí ó ní kọ́mà, interro kan tí a gbà nínú 10, àti ọmọ méjì tí moyenne wọn dọ́gba ní ipò kìn-ín-ní, kí ó lè rí i fúnra rẹ̀ pé àwọn méjèèjì ni yóò jẹ́ ẹni kìn-ín-ní, tí ẹni tí ó tẹ̀ lé wọn yóò sì jẹ́ ẹni kẹta. Kí ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ètò náà, kí ó sì fi ohun tí ẹ̀rọ bá sọ wé èyí tí ó fi ọwọ́ ṣe. Kí a tún ní kí ó mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ lórí ẹ̀dà kan, kí ó to òpó orúkọ nìkan, kí ó sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ti rí i lórí kíláàsì àfọwọ́dá kò ní pa ìbéèrè Excel rẹ́ mọ́ ní ọjọ́ tí ó bá di ti gidi. Orúkọ fáìlì ní tirẹ̀ kò gba àkókò: kíláàsì, iṣẹ́, ọjọ́, ó tán.

Nípa ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ máàkì, mo mọ̀ pé ètò náà máa ń to gbólóhùn sílẹ̀ kí olùkọ́ kàn yàn, ó sì rọrùn láti da “peut mieux faire” (ó lè ṣe jù báyìí lọ) bo gbogbo kíláàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí a má ṣe é.

Ohun tí ó kù ni èyí tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú rárá. Kí ìgbìmọ̀ kíláàsì tó jókòó, kí a sì tó ti àyè ìkọ máàkì pa, kí olùkọ́ gbé ohun tí ó ti tẹ̀ lọ sí kíláàsì, kí ó kà á sókè fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé interro àti devoir rẹ̀ níwájú. Ọmọ tí ó gba 16 kì í gbàgbé 16 rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ 7, yóò na ọwọ́ sókè lójú ẹsẹ̀, a ó sì tún un ṣe níbẹ̀. Bí ó bá di ìgbà tí a ti tẹ bulletin jáde, tí olórí ilé ẹ̀kọ́ ti fọwọ́ sí i, tí bàbá ọmọ sì ti rí i, ìwé ẹ̀bẹ̀ ni a ó kọ kí a tó lè yí nọ́ńbà kan padà.